Òkè Àdó àti Pápá Líbátì

Bí ìtàn Òkè Àdó ní Ìbàdàn bá délẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ olóṣèlú àti ìwé ìròyìn Tribune tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1949 ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Kò burú. Èrò tèmi ni pé pápá ìṣeré Líbátì ló sọ àdúgbò àlejò yìí di ti gbogbo Ìbàdàn. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn tí òyìnbó fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣí, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Ìbàdàn; rélùwéè tún kó èrò mìíràn dé ní 1901. Nínú ìlú àtijọ́, agbo ilé ló ni ilẹ̀. Ní Jẹ́ríkò, àwọn òyìnbó ìjọba ni wọ́n ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún. Ọmọ ọ̀dọ̀ àti kúùkù ni aláwọ̀ dúdú tó ń sùn síbẹ̀ nígbà náà. Àárín méjèèjì yìí ni Òkè Àdó, àdúgbò àwọn àlejò Ìjẹ̀bú, ti rí ààyè. Ẹnìkan lè ní ìyàsọ́tọ̀ yìí kò jọ ti Amẹ́ríkà nígbà náà, níbi tí òfin ti ya ilé ìwé àti bọ́ọ̀sì àwọn dúdú sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń gbá baseball tiwọn lọ́tọ̀. Ó lè ní Ìjẹ̀bú ló yàn láti gbé pọ̀. Lóòótọ́, òfin kankan kò lé wọn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, tí kì í sì í ṣe òyìnbó, kí ló kù tó lè yàn?

Irú àdúgbò yìí ni ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kọ́ pápá Líbátì sí ní 1960. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún 1963, Dick Tiger, ọmọ Ìgbò láti Amaigbo, kan ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú Gene Fullmer, òyìnbó Amẹ́ríkà. Fullmer kò lè dìde fún ìpele kẹjọ. Ìjà ìgbànú àgbáyé àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú nìyẹn, ọjọ́ 18 ṣáájú ìwọ́de Washington tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀. Ìgbò ni Tiger, Ìbàdàn ló ń hó fún un.

Wọ́n á ní ìjọba ló kọ́ pápá náà, kì í ṣe ará àdúgbò, àti pé owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ń ya olówó sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà. Ó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo Shooting Stars, tí Líbátì jẹ́ ilé wọn nígbà náà. Ní 1976, wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí agbábọ́ọ̀lù wọn, Muda Lawal, sí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, akẹgbẹ́ rẹ̀, Jọ́ọ̀sì ló ti dàgbà. Ìlú tó ń bá àlejò ṣe àríyànjiyàn lórí ilẹ̀ ló sọ àwọn wọ̀nyí di ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà sì kó lọ sí pápá Àdàmásìngbà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa gba ọmọ onílẹ̀ nìkan.