Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ìbéèrè Nínú Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì: Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìwopìn

Ìkópa akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ọmọ máa fi ọpọlọ, ẹnu àti ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìmọ̀ dípò kí ó kàn máa da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ, kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Tai Ṣólàrín, tí ó di ọ̀gá àgbà Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ọdún 1952 kí ó tó lọ dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956, sọ oko ríro àti iṣẹ́ ọwọ́ di ara ẹ̀kọ́ fún tọkùnrin tobìnrin. Àwọn tí ó ń yìn ín sábà máa ń tẹnu mọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe kọ́ ọmọ ní ìwà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń fi oko ríro jẹ ọmọ níyà pọ̀ jaburata, oko náà kò sì kọ́ wọn ní Báyọ́lọ́jì. Àfi bí olùkọ́ bá fi ìbéèrè tì í ni iṣẹ́ ọwọ́ tó ń di ẹ̀kọ́.

Ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sí ipele JSS, àmọ́ bí irinṣẹ́ àti olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò kò ti tó, orí pátákó náà ni ó padà sí.

Bẹ́ẹ̀, ohun ìkọ́ni kò wọ́n ní agbègbè yìí. Nínú igbó ìjọba J4, wọ́n gbin igi gmelina lọ súà fún ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwopìn, ní Ogun Waterside. Ọmọ JSS3 lè fi téèpù wọn àyíká irú igi bẹ́ẹ̀, kí ó fi 22/7 pín in, kí ó sì mọ bí ó ṣe fẹ̀ tó láìgé e. Bí olùkọ́ Kẹ́místírì bá gbé omi eérú tí àwọn ìyá fi ń se ọṣẹ dúdú wá sí kíláàsì SS1, tí ó ní kí àwọn ọmọ ti bébà lítímọ́ọ̀sì pupa bọ̀ ọ́, àwọ̀ búlúù tí yóò yọ yóò fi hàn wọ́n pé áákálì ni, ìyẹn òdìkejì ásíìdì. Láti ibẹ̀ ni yóò ti bi wọ́n léèrè irú áákálì tí ó lágbára tó láti yọ àtè tí ó so àwọn fọ́nrán inú igi pọ̀ kí igi tó lè di bébà, wọn yóò sì wo ìwé tí ó wà níwájú wọn lọ́tọ̀.

Àwọn olùkọ́ kan lè sọ pé àwọn ọmọ ti pọ̀ jù ní kíláàsì, àti pé ìdánwò WAEC ń lé àwọn bọ̀. Òótọ́ ni ti àkọ́kọ́, ìjọba ni ó sì yẹ kí ó wá nǹkan ṣe sí i, ṣùgbọ́n ti ìkejì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé WAEC gan-an ń ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe nínú Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì, níbi tí ọmọ tí kò fọwọ́ kan nǹkan rí kò ti ní rí ohun kọ. Ibi tí àtúnṣe ti lè tètè bẹ̀rẹ̀ ni Olabisi Onabanjo University, Àgọ́-Ìwòyè, tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la: nígbà tí àwọn olùṣàyẹ̀wò bá lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wọn lẹ́nu ìkọ́ni àṣewò tí a mọ̀ sí TP, kí wọ́n má wulẹ̀ wo bí nóòtì rẹ̀ ṣe mọ́ tó, kí wọ́n ka iye ìbéèrè tí àwọn ọmọ bi í, kí máàkì sì wà fún un.