Tàdáwà

Tàdáwà ni íńkì tí àwọn àáfà àti ọmọ kéú ń ṣe fúnra wọn nílé láti fi kọ̀wé sára wàláà, ìyẹn pátákó igi ìkọ̀wé wọn, tàbí sórí tákàdá. Wọ́n mọ̀ ọ́n láti Borno àti Kano títí dé Ìlọrin àti àwọn ilé kéú ilẹ̀ Yorùbá.

Èédú tó kúnná tàbí dúdú ìdí ìkòkò, omi àti oje igi tó ti gan ni ti wàláà. Kì í wọ inú igi lọ, omi sì ń ṣàn án kúrò nígbà tí ọmọ kéú bá ti há ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí.

Ti tákàdá ló gba iṣẹ́. Èso bóòní ni wọ́n sábà máa ń lò: wọ́n á gún un, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, wọ́n á sè é títí yóò fi ki, wọ́n á wá fi aṣọ sẹ́ ẹ. Omi náà máa ń fún ẹnu pọ̀. Ohun kan náà tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe awọ fi ń sọ awọ ẹran di lílò. Bí èérún irin láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí ìṣó tó ti dógùn-ún bá wọ inú rẹ̀, ó di dúdú. Ìlà tí a fi irú rẹ̀ kọ kì í tètè dú. Atẹ́gùn ló ń mú un dú sí i. Wọ́n ń fi oje igi sí i pẹ̀lú. Bí ó bá ń ràn káàkiri tákàdá, oje náà kò tó. Bí kò bá fẹ́ kúrò lẹ́nu gègé, oje ti pọ̀ jù. Kí irin pọ̀ jù ló burú jù, nítorí ó ń jẹ tákàdá títí ojú lẹ́tà á fi lu.

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí àwọn ìwé àtijọ́ tí tàdáwà wọn pọ́n rúsúrúsú. Àwọn kan ní dúdú tó ṣá ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ti rí èyí tí kò ní irin rárá, omi èèpo tàbí èso igi lásán. Ó jọ pé oríṣi méjèèjì wà, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Fún pupa, wọ́n ń se pòròpóró ọkà bàbà, èyí tí àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin fi ń pa wàrà láró. Àwọn mìíràn ń lọ òkúta pupa. Nínú àwọn Kùránì Borno, tí ọdún 1669 wà lára ọ̀kan nínú wọn, dúdú ni lẹ́tà, pupa ni àmì fáwẹ́lì. Àwọ̀ òfééfèé ni ti hamza, àmì kan nínú ìkọ̀wé Lárúbáwá.

Omi tí wọ́n fi fọ wàláà ni hàǹtú, tí àwọn kan ń mu fún ìwòsàn, tí àwọn àáfà mìíràn kò sì fara mọ́. Lórí tákàdá, bírò àti ìwé títẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ tàdáwà. Wàláà àti hàǹtú ni wọ́n ṣì ń ṣe é fún jù.