Ta Là Ń Pè Ní Òṣìṣẹ́?

Bí ẹ bá dé Ùgbè-Àkókó tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lẹ ń wá, ilé tíṣà tàbí ilé ọ̀gá kan ní káńsù ni wọn yóò júwe fún yín. Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ìkàrẹ́, lébìrà ni tiẹ̀. Ẹ pè é ní òṣìṣẹ́ wò, yóò ní ẹ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, nítorí irú rẹ̀ gan-an ni Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ṣe wà. Òfin yẹn yọ aláṣẹ, alábòójútó àti àwọn onímọ̀ṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń fagbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ló mú, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣàdéhùn.

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa, ibi tí à ń lò ó sí ló wọ́. Ẹni tó ń gbowó nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, èwo ni ti "owó oṣù" níbẹ̀? Owó iṣẹ́ ni. Àwọn kan tún ń pe ohun tó yẹ kí ọ̀gá fúnni kó tó dáni dúró ní "ìkìlọ̀". Ìkìlọ̀ kẹ̀, fún ẹni tí kò ṣẹ̀? Ìfilọ̀ ni, òfin sì ti ka ọjọ́ rẹ̀: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí kò tó ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tó ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni "owó gbà-má-bìínú". Ẹ̀rọ ìlagi gé ìka ènìyàn l'Ọ́kà, wọ́n ní kí ọ̀gá fún un ní gbà-má-bìínú. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ̀ á máa lọ. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá farapa kò sọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ń dáwó sí àpò tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NSITF ń ṣàkóso, wọn kò sì ní kí ẹni tó farapa kọ́kọ́ wá fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ ìfarapa ni èmi ń pè é.

Ọmọ Àkókó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, ará Òkè-Àgbè, tó ṣe olóòtú apá kejì Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé tó ṣàkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè, lọ́dún 1990. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún gírámà nígbà náà ló yẹ kí á ṣe fún òfin iṣẹ́ báyìí, kí á sì pe lébìrà sí ìjókòó. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn lórí rédíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jáwọ́ nínú gbà-má-bìínú.