Ìforígbárí

Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ti ẹ̀yìn já lu ẹlòmíràn ní pápá Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó ní Èkìtì, àwọn òǹwòran á ní ìforígbárí ni. Rárá o, ìkọlù ni.

Ì, fi, orí, gbá àti orí ló para pọ̀ di ìforígbárí. Ìtumọ̀ kìíní ni kí orí ẹni méjì sọ mọ́ra. Èkejì ni kí ìfẹ́ apá méjì takora, kí ẹnikẹ́ni má sì yẹ̀ fún ẹnìkejì. Ẹ wo ìtumọ̀ kìíní nínú gbólóhùn: “Aṣọ́lé àti atamátàsé forí gbárí nígbà tí wọ́n jọ fò sí bọ́ọ̀lù kan náà.” Irú rẹ̀ ló ṣe Victor Osimhen ti Napoli àti Milan Skriniar ti Inter ní oṣù Kọkànlá 2021. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Osimhen fọ́, ìbòjú ló sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìkọlù ní tirẹ̀, ẹnì kan ló ń lọ bá ẹnìkejì. Láti 2014, òfin Major League Baseball, líìgì eré baseball ní Amẹ́ríkà, kò gba asáré láàyè láti yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ kó lè kọlu ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù nídìí àmì ilé (home plate). Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù náà kò sì gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà bí bọ́ọ̀lù kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ rẹ̀. Ìtọ́jú kíákíá ló tọ́ sí àwọn tó forí gbárí. Ìjìyà ló tọ́ sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọluni.