Àdìrẹ Alábẹ́rẹ́: Ìtàn Abẹ́rẹ́, Okùn àti Aró

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure ní Èkó, tó kọjú sí apá Abúlé-Ẹ̀gbá, tí kò sì yà síbì kan, yóò gba Sango-Ọ̀tà àti Ìfọ̀ kọjá títí yóò fi wọ Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni ọjà àdìrẹ Ìtòkú wà. Nínú gbogbo aṣọ tí wọ́n ń tà níbẹ̀, àdìrẹ alábẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, kì í gba ìyìn tó tọ́ sí i. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí, ni àwọn òǹwòran máa ń yà sí, nítorí àwòrán ẹyẹ àti ilé tí ó wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ara alábẹ́rẹ́ ni ìtàn iṣẹ́ yìí ti hàn gbangba jù.

Ìlà ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Yóò ṣẹ́ aṣọ funfun po, yóò fi abẹ́rẹ́ gún etí ibi tó ṣẹ́ po náà wọlé-jáde, wọlé-jáde, títí yóò fi dé ìdí aṣọ. Lẹ́yìn náà ni yóò fa okùn kí aṣọ lè ṣù jọ, yóò sì ta á ní kókó. Ibi tí okùn bá ti fún pinpin, aró kò ní ráyè wọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú okùn, ìlà funfun tó ní eyín wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yóò hàn lórí aṣọ aláró. Láti orí ìlà gbọọrọ yìí ni ọwọ́ ti ń ṣí lọ sí ìlà wíwọ́, sí onígun mẹ́rin, sí ewé. Bí ọwọ́ ẹni tó fa okùn bá dẹ̀, aró yóò ya wọlé, ọnà náà yóò sì dàrú.

Kíjìpá tí àwọn obìnrin hun nínú ilé ni wọ́n ń rẹ sínú aró láyé àtijọ́. Kíjìpá nípọn, kì í tètè ṣù jọ. Ní òpin ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, tẹ́ẹ́rú, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn òyìnbó ń kó wá, pọ̀ lọ́jà. Ohun tó gba abẹ́rẹ́ dáadáa nìyẹn. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá gbá a mú, wọ́n sọ àdìrẹ di òwò ńlá, débi pé àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast wá rà á ní Abẹ́òkúta.

Iṣẹ́ náà pín sí ọwọ́ méjì. Aládìrẹ ló ń ra aṣọ tó sì ń ṣọnà sí i, ìko tàbí òwú ló sì fi ń rán an. Aláró ló ni ìkòkò. Yóò gún ewé èlú, yóò ṣù ú, yóò sá a gbẹ, yóò wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Aṣọ kì í jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dúdú dáadáa, wọn yóò máa rì í bọ inú aró léraléra.

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, ẹ̀rọ ìránṣọ ti wọ inú iṣẹ́ obìnrin yìí, àwọn ọkùnrin ló sì ń lò ó. Ẹ̀rọ yá, ó sì ń rán ìlà tó sún mọ́ra ju ti ọwọ́ lọ. Títú rẹ̀ ni wàhálà: abẹ ni wọ́n fi ń gé okùn rẹ̀, bí abẹ bá sì ṣì ṣe, aṣọ ti ya nìyẹn.

Ìjà tó le jù wá láti inú ìkòkò. Aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé, wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń ṣá, ó sì ń gbó kíákíá. Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ladapo Ademola Kejì, fòfin de èròjà méjèèjì. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n gbé ẹ̀hónú wọn lọ sọ́dọ̀ ìjọba amúnisìn, ìyẹn sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1936. Ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin náà ni, nítorí owó wọn ló wà nínú ìkòkò.

Kàm̀pálà aláwọ̀ oríṣiríṣi gba ọjà ní òpin àwọn ọdún 1960. Ní 1971, Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe àkójọ ìwé kan lórí àdìrẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1983, Nike Davies-Okundaye dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú iṣẹ́ yìí wà: ní Arimatsu, ní Japan, wọ́n ti ń fi okùn dí aró lọ́nà lára aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17, iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀ dòní.

Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti pọ̀ lọ́jà báyìí. Kí ẹni tó ń rajà yí aṣọ náà síbi inú: alábẹ́rẹ́ gidi máa ń mu aró lójú méjèèjì, ihò abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sì wà lẹ́bàá àwọn ìlà funfun rẹ̀. Ayédèrú sábà máa ń ṣá níbi inú, kò sì ní ihò kankan.