Ìtì Igi Tí Ó Di Ilé Arìnrìn-àjò

Àwọn àgbà a máa wí pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ní ọdún 1917, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú ìtì igi kan ṣoṣo rìn káàkiri láti bẹ̀bẹ̀ fún odindi igbó.

Charles Kellogg ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ California ni a gbé bí i ní ọdún 1868, ó sì di olókìkí lórí ìtàgé nítorí pé ó mọ bí a ti í fi ohùn kọrin bí ẹyẹ. Ní etí òkun ìpínlẹ̀ yìí ni àwọn igi redwood wà. Kò sí igi tí ó ga jù wọ́n lọ láyé. Òmíràn nínú wọn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 350, òmíràn sì ti lo 2,000 ọdún lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n pákó wọn kì í tètè jẹrà, ìwà rere yìí gan-an ni ó sì fa ìparun wọn. Àwọn agégi ń wó wọn lulẹ̀ fún ilé kíkọ́ àti fún igi tí a ń tẹ́ sábẹ́ ojú irin rélùwéè.

Kellogg mọ̀ pé ó ṣòro fún àwọn ará ọ̀nà jíjìn láti káàánú ohun tí ojú wọn kò rí rí. Igi kò lè rìn lọ bá wọn; nítorí náà ni ó ṣe pinnu láti gbé e lọ. Kò gé igi tí ó wà láàyè. Ìtì èyí tí ó ti wó ni ó mú, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 22, ó sì gbẹ́ inú rẹ̀ bí àwọn baba wa ti í gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó ṣe ibùsùn àti ibi ìdáná sínú rẹ̀, ó sì gbé e ka orí ọkọ̀ akẹ́rù Nash Quad, tí ẹ̀ńjìnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ náà wúwo, kò lè sáré, ọ̀nà ọlọ́dà kò sì wọ́pọ̀ nígbà náà. Síbẹ̀ ó la Amẹ́ríkà já. Bí àwọn ènìyàn bá péjọ láti wo ohun ìyanu yìí, Kellogg a sọ fún wọn nípa igbó tí ó ń ṣègbé.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó jà. Ní ọdún 1918 ni àwọn ẹlòmíràn dá ẹgbẹ́ Save the Redwoods League sílẹ̀, ní ọdún 1921 ni igbó ìpamọ́ Humboldt sì bẹ̀rẹ̀. Kí a má tan ara wa: bí a bá pín igbó àtijọ́ náà sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 5 péré ni ó kù. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àwọn tí ó tètè ké gbàjarè, kí ni ìbá kù? Nínú igbó Humboldt náà ni a tọ́jú ọkọ̀ onígi yẹn sí títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Kellogg kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe aṣòfin. Ohùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti igi tí ó ti ṣubú ni ó fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ohun rere là, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí yóò di alágbára. Kí ó wo ohun tí ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.