Ilé Ìwòsàn UCH, Ìbàdàn

Ilé Ìwòsàn UCH jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí a ti ń tọ́jú aláìsàn, tí a sì ti ń kọ́ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn níṣẹ́. Ó wà ní Ọ̀ríta Mẹ́fà ní ìlú Ìbàdàn, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òun ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó dúró fún orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni tọmọdé tàgbà fi ń pè é, yálà wọ́n kàwé tàbí wọn kò kà. Lẹ́tà àárín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ohun ìrántí: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì tí ó bí ilé ìwòsàn yìí di Yunifásítì Ìbàdàn tí ó dá dúró ní ọdún 1962, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà kò pa orúkọ tirẹ̀ dà.

Ìtàn

Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1948, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn wà lára àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń yẹ aláìsàn wò, àwọn mìíràn nínú wọn sì ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1951, ìgbìmọ̀ kan tí Dókítà T. F. Hunt ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣe olórí rẹ̀ wá wo bí nǹkan ṣe rí. Ìgbìmọ̀ náà kò fara mọ́ àbá pé kí a mú Adéọ̀yọ́ gbòòrò sí i; ohun tí wọ́n sọ ni pé kí a kọ́ ilé ìwòsàn tuntun. Òfin tí ó dá UCH sílẹ̀ jáde ní ọdún 1952, iṣẹ́ ìkọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a sì ṣí ilé ìwòsàn náà ní ọjọ́ 20 oṣù Bélú ọdún 1957 pẹ̀lú 500 ibùsùn. Adéọ̀yọ́ kò torí èyí kógbá wọlé. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Yemẹtu títí di òní.

Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yìí, àwọn òyìnbó ni ó di ọ̀pọ̀ ipò gíga mú. Ìtàn Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt fi bí nǹkan ṣe yí padà hàn. Ọmọ Èkó ni, ó sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1946. Nígbà tí ó padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1954, a kọ́kọ́ fi ipò nọ́ọ̀sì àgbà dù ú, nítorí pé àwọn òyìnbó ni a yà á sọ́tọ̀ fún. Kò tó ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá lẹ́yìn náà tí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí gbogbo nọ́ọ̀sì UCH. Ní ọdún 1973, ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ ìlú Awẹ́, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Amẹ́ríkà ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì dé UCH ní ọdún 1962 láti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbi tí kò ti sí i rí. Akéwì ni pẹ̀lú, ó sì tẹ ìwé ewì méjì jáde kí ó tó kú ní ọdún 1974. Ilé ìkàwé ìṣègùn tí ó wà nínú ọgbà UCH ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

UCH àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn jọ wà nínú ọgbà kan náà, àmọ́ ọ̀gá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ilé ìwòsàn náà ní ìgbìmọ̀ alákòóso tirẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ apá kan Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó tún máa ń jẹ́ dókítà àgbà ní wọ́ọ̀dù, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti ibùsùn kan dé èkejì.

Ìtọ́jú aláìsàn

Àìsàn tí ó bá ju agbára ilé ìwòsàn kéékèèké lọ ni a máa ń darí sí UCH. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ti rìn jìnnà, tí owó ọwọ́ wọn sì ti ń tán lọ, kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀ríta Mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò sí lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera kankan. Àpò ara wọn ni wọ́n ti ń san owó káàdì, àyẹ̀wò, oògùn àti ibùsùn. Bí ẹni kan bá wà ní wọ́ọ̀dù, ó kéré tán ẹni kan mìíràn ní láti wà nítòsí tí yóò máa gba ìwé oògùn lọ rà á, tí yóò máa gbé àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí yóò sì wá ẹni tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí dókítà bá ní a óò fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. Ẹbí aláìsàn wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn kò sí nínú ìwé owó oṣù.

Ní oṣù Bélú ọdún 2012, a ṣí ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní UCH, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. A fi orúkọ Olóyè Tony Anenih, tí ó náwó kọ́ ọ, pè é.

Èdè jẹ́ apá kan iṣẹ́ ìtọ́jú tí ìwé kì í sábà mẹ́nu bà. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìwé aláìsàn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn fi ń ròyìn ohun tí ó ń ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í sì í fìgbà gbogbo bá ara wọn mu. Ẹni tí ó ní «àyà mi ń já» lè máa sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ó sì lè jẹ́ pé ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ gan-an ni kò lọ déédéé. Ìbéèrè mìíràn ni dókítà yóò fi mọ èyí tí ó jẹ́. «Inú» kan náà ni ó ń run ni, tí ó ń bí ni, tí ó sì ń dùn. Orúkọ tí a fún «ẹ̀jẹ̀ ríru» pàápàá lè ṣi ènìyàn lọ́nà: ohun tí ó bá ru máa ń rọlẹ̀, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ lè rò pé kò sí ìdí láti lo oògùn mọ́. Àìsàn yìí sì ni Ọládiípọ̀ Olújìmí Akínkùgbé (1933–2020), ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n UCH tí a mọ̀ jù lọ, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lé lórí, pẹ̀lú àwọn àìsàn kíndìnrín.

Ìwádìí

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìwádìí ti wà lára iṣẹ́ UCH. Ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ti Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1960 lábẹ́ G. M. Edington ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa àrùn, wà lára àwọn tí ó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1963, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera àwùjọ ní agbègbè Ìbàràpá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń lọ gbé láàárín ará ìlú ní Igbó-Ọrà. Agbègbè náà ni P. P. S. Nylander, dókítà àwọn aboyún ní Ìbàdàn, ti ka ìbejì tí ó tó 45 nínú ìbímọ 1,000 kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ju ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán. A ti gbọ́ pé iṣu ni, a ti gbọ́ pé ọbẹ̀ ilasa ni. Kò sí èyí tí ìwádìí tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun (1935–1995), onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1968 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn tí ń jẹ́ Brain. Ó sọ nípa àìsàn kan tí ó ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí ènìyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn, tí ojú tàbí etí yóò sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó so ó mọ́ májèlé sáyánáìdì tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá láàárín àwọn tí kò ní oúnjẹ mìíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn olùwádìí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti bèèrè bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fa àìsàn náà, nítorí pé àwọn ìlú kan ń jẹ ẹ́ púpọ̀ tí àìsàn náà kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀ṣúntókun yìí kan náà, pẹ̀lú Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí ó fi àwọn arúgbó Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Adésọlá Ògúnníyì ni ó darí iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn olùwádìí lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá àwọn tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó rọrùn. Ìdánwò tí a fi ń mọ ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra máa ń béèrè ohun tí ilé ìwé kọ́ni, púpọ̀ nínú àwọn arúgbó Ìdíkàn kò sì lọ sí ilé ìwé rí. A ní láti lo ìbéèrè tí kò gbára lé ìwé kíkà, kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí a sì tún bi ẹni tí ó sún mọ́ arúgbó náà bóyá ó ti yàtọ̀ sí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìṣòro kejì ni pé Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un: a máa ń sọ pé arúgbó «ń ṣarán». Lójú ọ̀pọ̀ ẹbí, ogbó ni èyí, kì í ṣe àìsàn tí a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Èsì tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú arúgbó 100 ní Ìbàdàn, bíi 1.15 ni àrùn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan; ní Indianapolis, 2.52 ni. Jíìnì kan tí a mọ̀ pé ó ń dá kún àrùn náà láàárín àwọn òyìnbó wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn, síbẹ̀ àwọn ìwádìí àkọ́kọ́ kò rí i pé ó ṣe irú ipa bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí iye ènìyàn pọ̀ sí i ni a tó rí ipa rẹ̀ lára àwọn tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí a ń wò fún àlàyé ìyàtọ̀ náà.

Orúkọ Ìbàdàn tún wọ inú ìmọ̀ nípa jíìnì nípasẹ̀ iṣẹ́ HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Clement Adébámọ̀wọ́, oníṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, àti Charles Rótìmí, tí ó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, wà lára àwọn tí ó darí apá ti Nàìjíríà. Bàbá, ìyá àti ọmọ láti inú ìdílé 30 ni ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ ènìyàn 90, lẹ́yìn tí a ti bá àwùjọ wọn jíròrò. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, tí a kò dárúkọ rẹ̀, wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ ní ayé tí a ka gbogbo jíìnì wọn. A tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Ilé ìtọ́jú Coriell ní Amẹ́ríkà ni àwọn àpẹẹrẹ náà wà, ibẹ̀ ni àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé sì ti ń rà wọ́n. Ìlànà wà lórí bí a ṣe gbọ́dọ̀ pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí: «àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà». A kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní «àwọn ará Áfíríkà» lásán, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ sọ pé wọ́n dúró fún gbogbo Yorùbá. Kì í ṣe gbogbo àpilẹ̀kọ ni ó pa ìlànà yìí mọ́.

Iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́

Àwọn dókítà tí ó ń kọ́ṣẹ́ àkàndá lọ́wọ́ ni ẹrù iṣẹ́ òru wà léjìká wọn jù. Àwọn nọ́ọ̀sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí aláìsàn ń gbé ní Gbọ̀ngàn Alexander Brown nínú ọgbà ilé ìwòsàn, tí a fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn kan ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ pè. Ìyanṣẹ́lódì àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, tí ó sábà máa ń kan gbogbo Nàìjíríà, máa ń sọ àwọn wọ́ọ̀dù di ahoro. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti àjẹmọ́nú ni ó sì máa ń fà á.

Ìṣòro tí ó tún wà ni lílọ àwọn òṣìṣẹ́ sí òkè òkun, pàápàá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. «Jápa» ni gbogbo Nàìjíríà ń pè é báyìí, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti di ti Hausa àti Igbo pẹ̀lú. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sí ara orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera wọn le jù. Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù tí Kòfowórọlá Pratt gbà lọ, tí ó sì gbà bọ̀, ti di ọ̀nà àlọ fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì òde òní.

Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tí ó ń pín iná mànàmáná gé iná UCH nítorí gbèsè. Iná náà kò padà títí di oṣù Èrèlé ọdún 2025, lẹ́yìn ohun tí ó ju 100 ọjọ́ lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá àti iná oòrùn ni a fi gbé àwọn ibi tí kò ṣeé fi sílẹ̀ ró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gbọ̀ngàn Alexander Brown, tí wọ́n wà nínú òkùnkùn kan náà pẹ̀lú àwọn aláìsàn, fi ẹ̀hónú hàn.